Màlúù àjọrà fún Iléyá: mo san 145,000, ohun tí mo gbà rèé

Àgbò tí a pa ní Iléyá 2023 kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ nínú ìkòkò. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi san owó rẹ̀. 140,000 náírà ni mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, 161,000 ni mo dá padà. Ẹ bá mi wò ó: èlé tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀ ni mo kó lé orí ẹran tí mo fẹ́ fi sin Ọlọ́hun. Aránṣọ ni mí, awakọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ mi, kò sì sí ẹni tó fi ipá mú wa yáwó. Ojú ìta ló mú wa yá a. Àgbò ilé kejì ti ń ké láti ọjọ́ Ajé, igi iwájú ilé tiwa sì wà bẹ́ẹ̀ láìsí okùn lára.

Lọ́dún 2024, a ò pa nǹkan kan. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni obìnrin kan tí a jọ ń kírun sọ fún mi nípa àwọn ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí kan níbí ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń ṣètò màlúù àjọrà. Ẹni méje á dáwó ra màlúù kan, èèyàn sì lè máa san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo san 15,000 lóṣooṣù láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù karùn-ún ọdún 2025, mo wá fi 10,000 dé e lórí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 145,000. Nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ya ọjà ẹran, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Àgbò kan tí èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òkèèrè, 280,000 ni ẹni tó ń tà á pè é. Mo kí i pé ó kú ọjà, mo bá tèmi lọ.

Ìṣirò wọn ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n kọ ọ́ sórí WhatsApp kí gbogbo wa rí i: màlúù, 930,000, alápatà, 35,000, ọkọ̀ tó gbé e, 20,000, ọ̀rá, omi àti yìnyín, 30,000. Ẹ pín in sí méje, kò lé, kò dín. Ẹ sì wo owó alápatà tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ yẹn. Níbi tí mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀, ara ẹran ni alápatà ti ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Á gé ẹ̀dọ̀, á fa awọ sápá kan, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti wọ inú àpò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ hàdíìsì Sàyídínà Álíù wà nílẹ̀ pé Ànábì ní kí òun má ṣe mú ohunkóhun lára ẹran náà fún alápatà gẹ́gẹ́ bí owó ọ̀yà, pé láti ọ̀dọ̀ àwọn fúnra wọn ni àwọn yóò ti san án. Àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń lò ó. Lọ́jọ́rú tó ṣáájú ọdún, wọ́n fi fídíò màlúù wa ránṣẹ́: wọ́n la ẹnu rẹ̀ kí a rí eyín, kí a mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjì, wọ́n mú un rìn síwá sẹ́yìn kí a rí i pé kò tiro, wọ́n fi ojú rẹ̀ méjèèjì hàn wá.

Àáfà àgbà àdúgbò wa kò fara mọ́ ètò yìí. Ọ̀nà Ìmáámù Málíkì, ọ̀kan nínú àwọn Ìmáámù mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń tọ ọ̀nà wọn, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, Ìmáámù Málíkì kò sì fẹ́ kí àwọn èèyàn dáwó jọ ra ẹran ọdún kan. Kí onílé ra ẹran tirẹ̀, kó wá kó ará ilé rẹ̀ mọ́ ọn nínú ẹ̀san, ìyẹn ló gbà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn ọ̀dọ́ yìí lọ, wọn ò bínú. Wọ́n ka hàdíìsì Jábírù fún mi, pé ní Hudaybiyya, lẹ́bàá Mẹ́kà, ẹni méje ni àwọn sáhábà pa ràkúnmí kan fún, ẹni méje náà ni wọ́n pa màlúù kan fún, wọ́n ní àwọn Ìmáámù mẹ́ta yòókù dúró lé e. Èmi kò kéwú débi tí mo fi lè dá ẹjọ́ àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù wọn, kí èèyàn mọ̀ kó tó sanwó.

Níbi tí a ti ń san owó oṣù ni ọ̀kan nínú wọn ti sọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí mi. Ó ní wọ́n bi Abu Ayyub al-Ansari, ọ̀kan nínú àwọn sáhábà Ànábì, léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹran ọdún láyé Ànábì. Abu Ayyub ní ẹran kan ni ọkùnrin máa ń pa fún ara rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀, wọ́n á jẹ, wọ́n á fún ẹlòmíràn jẹ, títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáàrí, tó wá di ohun tí ẹ ń wò yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, àfi bíi pé ó gba òpópónà wa kọjá lánàá.

Ó wá ku àléébù wọn. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, ni Iléyá bọ́ sí. Wọ́n ní tí a bá ti Yídì dé báyìí, kó tó di ọ̀sán, ẹran á ti délé. Màlúù márùn-ún ni wọ́n ní í pa, tiwa sì ni ìkẹta. Wọ́n ń bó èkejì lọ́wọ́ nígbà tí ládàánì pe ìrun Jímọ̀, gbogbo wọn fọwọ́, wọ́n lọ. Ta ni yóò bá wọn jà pé wọ́n lọ kírun? Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà wà lára ògiri wọn, wọ́n mọ̀ pé Jímọ̀ ni. Ó yẹ kí wọ́n ti gba alápatà kún alápatà.

Láti aago mọ́kànlá ni èéfín ti ń rú nílé ọ̀tún, nílé òsì. Mo ti din adìẹ méjì, mo fi gbé ìrẹsì fún àlejò. Mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn, inú mi ń ru. Ìyá ọkọ mi pè lẹ́ẹ̀mejì, itan àgbò ni wọ́n máa ń retí lọ́dọọdún. Nígbà kejì ni mo jẹ́wọ́ pé màlúù ni, pé àwa pẹ̀lú àwọn kan la jọ rà á. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin àti ta ni?" Mo ní, "Àwọn mẹ́fà kan, mà. Mi ò mọ gbogbo wọn."

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló wá gbẹ̀mí lẹ́nu mi. Láti ìrọ̀lẹ́ Àráfà, ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, ló ti ń já ewé lọ fún àgbò ilé kejì, wọn ò jẹ́ kó di okùn mú. Mo pè é, mo ní, "Màlúù ni tiwa, ó tóbi ju àgbò yẹn lọ. Ìpín kan nínú méje ló jẹ́ tiwa." Ó ro ó títí. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ìwo wà nínú ìpín tiwa?" Mo wọ yàrá lọ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Bàbá mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, máa ń sọ pé Ànábì ní pípọ̀ dúkìá kọ́ ni ọrọ̀, ọrọ̀ ọkàn ni ọrọ̀. Aránṣọ tí kò rí já jẹ ni àwọn náà, mo sì máa ń rò ó nínú mi pé ọ̀rọ̀ tí aláìní fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú adìẹ méjì nínú epo, mi ò tíì gbà fún wọn.

Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni bàbá àwọn ọmọ gbé ẹran dé lórí ọ̀kadà. Kílò 17 àti ààbọ̀, ojú ọkọ mi ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ẹran ara wà níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ díẹ̀, ṣàkì, awọ. Egungun pọ̀ jù lójú tèmi. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára ọ̀rá, kò sí orúkọ ẹnì kankan. Ọkùnrin kan nínú àwa méje gbé jíìpù wá gba tirẹ̀, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn tiwa náà ni wọ́n fi wọn tirẹ̀. Orí àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́ gègé lé. Ẹsẹ̀ kan bọ́ sí wa lọ́wọ́. Orí, àtòun àti ìwo méjèèjì, oníjíìpù ló gbé e lọ. Ọmọ mi béèrè, mo sọ òótọ́ fún un.

A pín in sí mẹ́ta: tiwa, ti ẹbí, ti sàráà. Ìyá ọkọ mi gba ẹsẹ̀ màlúù dípò itan àgbò. Ìyá ẹlẹ́kọ ojú títì gba tirẹ̀. A gbé díẹ̀ fún àáfà àgbà náà. Wọ́n gbà á, wọ́n ṣe àdúà gígùn fún wa, wọn kò sì mẹ́nu kan Ìmáámù Málíkì.

Lálẹ́, nígbà tí mo fọ ìkòkò tán, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ gbèsè sí. Kìkì àwọn oníbàárà tó jẹ mí lówó aṣọ ọdún ló wà níbẹ̀. Mo wò ó pẹ́ kí n tó pa iná.

Mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Tí wọ́n bá ń ka èyí: ẹ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ àkókò, kí ẹ sì jọ̀wọ́ jẹ́ kí màlúù dé ní ọjọ́ Àráfà, kí àwọn ọmọ wa rí i, kí wọ́n fún un ní koríko. Mo ti san 15,000 àkọ́kọ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ mi ní kí n bá òun béèrè bóyá ẹni tó bá tètè san ni wọ́n máa ń fún ní ìwo.