Másítà kọ̀ǹpútà ti Georgia Tech láti Adó-Èkìtì: ó tó owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ èdè kóòdù C

Ẹni tó ń gbé Adó, Ìkéré tàbí Ọ̀yẹ́, tó ń wá oyè másítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà láì fi iṣẹ́ àti ẹbí sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ orúkọ OMSCS, ìyẹn Online Master of Science in Computer Science. Yunifásítì Georgia Tech ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2014, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó sí kíláàsì ní Atlanta. Ọjà gidi ni, àmọ́ kì í ṣe ọjà gbogbo èèyàn. Ẹni tó sì ń tìtorí físà wá a, kó yáa gba ibòmíràn lọ: kò sí físà akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀ rárá.

Kọ́ọ̀sì 10 ni, kírẹ́díìtì 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo owó ilé ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tó 10,000 dọ́là. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣírò ni owó kan tí wọ́n ń gbà ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó kọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá ń mú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní sẹ̀mẹ́sítà, ìgbà 10 lẹ máa san án. Mímú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ń dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là ní báǹkì kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó dé, nítorí ẹni tí owó rẹ̀ bá pẹ́ wọlé lè bá orúkọ rẹ̀ níta.

Wọn kì í béèrè GRE, ìdánwò àṣewọlé sí ẹ̀kọ́ másítà. Èsì ìdánwò dìgírí àkọ́kọ́ àti lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n ń wò. Lẹ́tà olùkọ́ tó kọ́ yín ní algorithm, tó lè sọ pé ohun báyìí báyìí lẹ kọ nínú iṣẹ́ àṣekágbá yín, lágbára ju ti ọ̀gá àgbà tí kò dá yín mọ̀. Ti pásítọ̀ àti ti ọnọ́rébù, ẹ jẹ́ kó máa sinmi. Orí ímeèlì ni wọ́n máa ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ náà, ó sì lè já sínú spam. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ kejì.

Wíwọlé kọ́ ni wàhálà. Láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ gba B, ó kéré tán, nínú kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ méjì. Máàkì C kò kà.

Kọ́ọ̀sì tó ń dán ọ̀pọ̀ wò jù nínú àwọn ìpìlẹ̀ náà ni Graduate Introduction to Operating Systems, tí gbogbo èèyàn ń pè ní GIOS. Fídíò Ada Gavrilovska níbẹ̀ yéni yékéyéké. Iṣẹ́ kóòdù rẹ̀ ló le. Nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ máa fi èdè C kọ sáfà (server) tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní kí `send`, àṣẹ tó ń fi dátà ránṣẹ́, gbé báìtì 8,192, á gbà pé gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ó lè jẹ́ 3,000 péré ló gbé. Nọ́mbà tí `send` dá padà ni kí ẹ wò, kí ẹ sì máa pè é nínú lúùpù títí ìyókù yóò fi tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni `recv`, àṣẹ tó ń gba dátà, tó lè gba ìlà àkọ́kọ́ ní ìkékúùkéé. Lórí láptọ́ọ̀pù yín, fáìlì kékeré á kọjá wẹ́rẹ́, inú á dùn. Ẹ gbé e dé Gradescope, ibi tí wọ́n ti ń máàkì kóòdù, fáìlì ńlá á dé lábọ̀.

Ibòmíràn tí wọ́n ń ṣubú ni ibi tí àwọn tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn àwọn ẹ̀ka ètò tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ti ń dúró de iṣẹ́. Bí ẹ bá fi `if` yẹ ìlà àwọn iṣẹ́ tó ń dúró wò, tírẹ́ẹ̀dì kan á jí, á nawọ́ síṣẹ́, kò mọ̀ pé òmíràn ti gbé e lọ. `while` ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, kó lè tún wò lẹ́yìn tó bá jí. Ẹ fi `-g -fsanitize=address` kún àṣẹ tí ẹ fi ń kọ́ńpáìlì; á tọ́ka ìlà tí ẹ ti ba mẹ́mórì jẹ́.

Graduate Algorithms náà kò ṣeé fojú di. Ìdánwò ló kó ọ̀pọ̀ máàkì níbẹ̀, B ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ tí ẹ lè yàn sì ń béèrè. Àwọn tó ti ní kírẹ́díìtì púpọ̀ ló ń kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, nítorí náà ìgbẹ̀yìn ni àyè máa ń yọ. Nínú Machine Learning, Charles Isbell àti Michael Littman ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, kì í súni. Àléébù tó wà ni pé fídíò kan ti pẹ́, kíláàsì sì kún débi pé àwọn TA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀ jù, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti iná. Láptọ́ọ̀pù 60W àti ráútà 10W jẹ́ 70W. Bátìrì 12V oní 100Ah ní nǹkan bí 1,200Wh, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì ni kí ẹ lò kó má baà tètè kú. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méje, tí a bá yọ ohun tí ìnfátà ń jẹ. Ẹni tó bá gbé Starlink lé e, kó ka wákàtí mẹ́rin.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Honorlock ló ń ṣọ́ni nínú Chrome. Á ní kí ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, kí ẹ sì gbé kámẹ́rà yí yàrá ká. Ẹ má jókòó kí fèrèsé wà lẹ́yìn yín, ojú yín á dúdú. Àyè ìdánwò sábà máa ń ṣí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, nítorí náà ẹ mú aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì kún. Àkùkọ àdúgbò nìkan lẹ máa bá jà. Kí láìnì mìíràn wà lórí fóònù ní ìtòsí, yàtọ̀ sí èyí tí ráútà ń lò.

Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago 11:59 AoE (Anywhere on Earth, aago ibi tí ọjọ́ ti ń parí kẹ́yìn láyé), aago 12:59 ọ̀sán Mọ́ńdè ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ má lọ gbé kóòdù yín sí GitHub ní gbangba lẹ́yìn náà. Wọ́n ń fi kóòdù wé kóòdù, ẹjọ́ rẹ̀ kì í kéré.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn fídíò náà wà ní gbangba lọ́fẹ̀ẹ́. Kó wo ti GIOS, kó fi C kọ sáfà kékeré kan tó ń gba oníbàárà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Bí pointer (àdírẹ́sì inú mẹ́mórì nínú èdè C) bá ṣì ń dà á láàmú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó má tíì san dọ́là kan.