Greenhouse oníke ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8 ní Aberdeen: ohun tó ṣe dáadáa àti ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rà kún un

Greenhouse yìí, ìyẹn ilé kékeré tí à ń gbin nǹkan sí kí òtútù má bàa pa á, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ìbú, 8 ní gígùn. Egungun rẹ̀ jẹ́ aluminiọ̀mù, ara rẹ̀ sì jẹ́ ike polycarbonate onípele méjì tó nípọn tó 4 mm. Ọdún mẹ́ta ni a ti ń gbin ata rodo, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sínú rẹ̀ ní Aberdeen, ìlú etíkun ní Scotland, níbi tí ìrì dídì ti lè pa ohun ọ̀gbìn títí wọ oṣù karùn-ún. Ó ń mú ooru dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n bó ṣe ti inú páálí jáde kò lè kojú ẹ̀fúùfù tó ń ti orí òkun wá, ẹ sì máa náwó kún owó tí ẹ fi rà á.

Ìpìlẹ̀ ni kí ẹ fi ọjọ́ kan gbáko jì. Tí ẹ bá to férémù ìsàlẹ̀ tán, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun kan dé èkejì ní ìdábùú, kí ẹ tún wọn ti òdìkejì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan yàtọ̀, ilẹ̀kùn á máa há, ike òrùlé náà kò sì ní wọ ojú ihò rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 45 cm sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ da kọ́ńkéré sí i, kí ẹ sì fi bóòtù de férémù mọ́ ọn. Èèkàn pẹlẹbẹ tó bá a wá kò tó nǹkan kan.

Orí bóòtù ni wọ́n ń fà wọ inú ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára irin. Ẹ fi méjì méjì kún ti irin kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, nítorí ẹ máa nílò wọn láti gbé pẹpẹ kọ́, tí irin bá sì ti pàdé irin, kò sí àyè tí wọ́n máa gbà wọlé mọ́ àfi tí ẹ bá tú u.

Ike ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ojú tí wọ́n fi ọ̀rá tó ní ìkọ̀wé lára bò ló gbọ́dọ̀ kọjú síta, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n kun èròjà tí kì í jẹ́ kí oòrùn jẹ ẹ́. Bí ẹ bá yí i padà, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́. Ihò gbọọrọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lóòró. Ẹ fi téèpù aluminiọ̀mù dí etí òkè, kí ẹ fi téèpù oníhò wínníwínní dí ti ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jò jáde. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé bí èyí tó máa ń wà lára kànga àtijọ́ á hù sínú ike náà, kò sì sí kànìnkànìn tó lè wọ ibẹ̀.

Ibi tó burú jù rèé: kílíìpù wáyà nìkan ni wọ́n fi mú ike dúró. Ẹ̀fúùfù á tẹ àárín ike wọnú, etí rẹ̀ á yọ kúrò lábẹ́ kílíìpù, ìkan á fò lọ. Tí atẹ́gùn bá ti ráyè wọlé, láti inú ló ti máa ti àwọn yòókù jáde. Ohun tó ń gbà á ni sílíkóònù, ìyẹn àlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń dí àlàfo, kí ẹ fà á yí etí ike kọ̀ọ̀kan ká nínú férémù, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ má ra èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan o, torí ó máa ń jẹ polycarbonate.

Fèrèsé òrùlé kan ṣoṣo, 60 cm ní 60 cm, kò tó. Ilẹ̀ ilé náà tó mítà onígun mẹ́rin 4.5, ojú afẹ́fẹ́ sì yẹ kó tó ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Èyí kò tó ìdá 10. Nínú oṣù kẹfà, tí ìta bá wà ní 17°C péré, inú lè kọjá 35°C, òdòdó ata á sì máa já bọ́. A fi fèrèsé onípẹlẹbẹ kan kún un nísàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lọ́jọ́ kejì. Ẹ tún ra ọ̀pá tó ń ṣí fèrèsé fúnra rẹ̀: ìda tó wà nínú rẹ̀ ń wú tí ooru bá mú un, kò nílò iná mànàmáná. Ó lọ́ra díẹ̀, nítorí náà ẹ tètè máa ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀.

Ní ti òru, bí ìta bá wà ní 2°C tí ẹ sì fẹ́ 12°C nínú ilé, bíi 700 wátì ló ń gba ara ike jáde. Wákàtí mẹ́wàá jẹ́ yúnìtì iná 7, láìka èyí tó ń gba ojú ihò lọ. Ẹ má fi sítóòfù kẹrosíìnì rọ́pò: lítà kan tó bá jó ń tú omi tó lé ní lítà kan sínú afẹ́fẹ́, ewé á sì bu.

Ẹ gbin ata rodo sínú yàrá ní ìparí oṣù kìíní, lórí ẹní agbóná ní 25 sí 30°C, pẹ̀lú iná lókè. Ìparí oṣù karùn-ún ló ń wọ greenhouse, nínú ìkòkò lítà 10 ó kéré tán. Ẹ máa fi ìka ta òdòdó rẹ̀ pẹ́pẹ́ lọ́sàn-án kó lè so.

Ewédú ló dùn mọ́ wa jù. Ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, kí ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ tó gbé e sínú omi tútù, torí èèpo rẹ̀ le. Ọjọ́ kúkúrú ló ń mú kó yọ òdòdó. Ìmọ́lẹ̀ oṣù kẹfà ní Aberdeen sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 18, nítorí náà ewé ló kàn ń yọ ṣáá. Ẹ já a lókè kó lè pẹ̀ka.

Ẹ̀gúsí ugu ń hù níbẹ̀, ṣùgbọ́n á gun òrùlé, á sì bo ata mọ́lẹ̀. Ẹ gbin ẹyọ kan péré sídìí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì máa gé e fún ọbẹ̀ kó tó dé òkè.