Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àtijọ́ Kan ní Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Ìsàlẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní abúlé kan láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn ọmọ onílé tún ṣe, tí wọ́n sì ń gbowó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Owó tí wọ́n rí ní Gánà ni wọ́n fi kọ́ ọ, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ńlá agbègbè náà, kí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní 1969.

Àtúnṣe náà yẹ fún ìyìn. Wọn kò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀, nítorí pé omi tó bá ráyè wọ abẹ́ sìmẹ́ńtì kì í tètè rí ọ̀nà jáde, amọ̀ á sì máa ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Amọ̀ náà ni wọ́n fi tún amọ̀ ṣe.

Ètò ìbẹ̀wò ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òkè ni amọ̀nà kọ́kọ́ mú wa lọ, ó ń fi bẹ́ẹ̀dì onírin àti fọ́tò baba onílé hàn wá títí ó fi sú wa. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ló sọ ilé yìí di ilé gbogbo èrò: ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń wọn ẹ̀pà àti òwú tà, ibẹ̀ ni lẹ́tà ń dé sí, ibẹ̀ ni asọ̀rọ̀mágbèsì kan ṣoṣo tó wà lábúlé ti ń ké lálaalẹ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọdé ti kàwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, tí abúlé kò tíì ní ilé ẹ̀kọ́. Àga ike tí wọ́n fi ń ṣòde ìnáwó ni wọ́n tò jọ síbẹ̀ báyìí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo rí ìlà èédú mẹ́rin-mẹ́rin tí ìkarùn-ún dábùú wọn. Amọ̀nà kò sọ nǹkan kan. Ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà lágbàálá ló ní: “Ẹ má pè é ní ìdọ̀tí o, ọmọ mi. Àpò ẹ̀pà bàbá mi wà nínú wọn.” Ìwé ìṣirò owó tó bá ìlà wọ̀nyí mu, tí wọ́n kọ ní pọ́n-ùn àti ṣílè kí náírà tó dé ní 1973, wà lókè nínú àpótí onígíláàsì, ó sùn ti bẹ́ẹ̀dì.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ. Àtẹ̀gùn ga, kò sì ní ibi ìdìmú. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè bá ìyá àgbà jókòó sí ìsàlẹ̀, kò ní pàdánù púpọ̀.