Fáàfù Tuntun, Èyí Tí Wọ́n Pààrọ̀ Filámẹ́ǹtì Rẹ̀, Àbí Tókúnbọ̀: Èwo Ni Kí Ilé Iṣẹ́ Rédíò Rà?

Bí agbára tìránsímítà bá ń rọra lọ sílẹ̀, tí gbogbo fóòtì sì pé, filámẹ́ǹtì, ìyẹn wáyà tó ń gbóná láti tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde nínú fáàfù (ọpọ́n tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, tó ń fún àmì rédíò lágbára), ló sábà máa ń ti gbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fáàfù 4CX15000A tàbí irú rẹ̀ ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ ni pé tungsten tí wọ́n fi thorium díẹ̀ sí, kí ó lè máa tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde dáadáa, ni wáyà náà, wọ́n sì fi kábọ́ọ̀nù bo ara rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù yìí ni kì í jẹ́ kí thorium tètè gbẹ. Ooru ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá tán, iṣẹ́ tán.

Tuntun. Òun ló wọ́n jù. Ẹ rà á bí seramiki ti àtijọ́ bá ti fọ́ tàbí tí afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, nítorí irú èyí kì í sábà ṣeé tún ṣe.

Èyí tí wọ́n pààrọ̀ filámẹ́ǹtì rẹ̀. Èyí là ń gbà yín níyànjú bí fáàfù àtijọ́ bá ṣì wà ní odindi. Ilé iṣẹ́ Econco ní Woodland, California, ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Báyìí ni àwọn tó ń ṣe é ṣe ń ṣe é: wọ́n á ṣí i, wọ́n á yọ filámẹ́ǹtì, wọ́n á fi tuntun sí i, wọ́n á fún un ní kábọ́ọ̀nù, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, wọ́n á sì dán an wò. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti tuntun. Ẹ bi ọlọ́jà léèrè: ṣé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni, àbí wọ́n kàn jí i dìde? Jíjí i dìde ni kí wọ́n gbé fóòtì filámẹ́ǹtì sókè fún ìgbà díẹ̀, láìsí iná gíga lórí ánóòdù (apá tó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù), kí thorium lè jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ bí kábọ́ọ̀nù bá ṣì kù. Bó bá ti tán, owó yín ti wọgbó.

Tókúnbọ̀. Dídán ara kò fi nǹkan kan hàn. Ẹ fi 6.3 fóòtì sí filámẹ́ǹtì 4CX15000A, ẹ wo ámpìà: nǹkan bí 160 ló yẹ kó fà. Bó bá kéré gan-an, okùn kan ti já nínú rẹ̀. Bó bá ju ti ìgbà tó wà ní tuntun lọ, kábọ́ọ̀nù ń tán nìyẹn. Bí ọlọ́jà kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ má sanwó.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ gbé e ní ìdúró nínú páálí rẹ̀ láti Èkó, ẹ má dùbúlẹ̀ rẹ̀ sínú búùtù. Wáyà tó ní kábọ́ọ̀nù ń já bíi búrẹ́dì gbígbẹ bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò.

Iná ìjọba tó ń lọ sókè lóru máa ń pa fáàfù ju iṣẹ́ lọ. Ẹ fi sítábúláísà sí ìlà filámẹ́ǹtì, kí ẹ sì wọn fóòtì níbi sókẹ́ẹ̀tì gan-an pẹ̀lú mítà tó ń ka RMS tòótọ́ (true RMS, ìwọ̀n iná gidi). Ẹ lò ó ní 6.3 fún wákàtí 200 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ máa dín in kù ní 0.1, títí agbára yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ẹ wá gbé e padà sókè ní 0.2. Ìdínkù ìdá 3 nínú 100 péré, ìyẹn nǹkan bíi 0.2 fóòtì, lè sọ ọjọ́ ayé kábọ́ọ̀nù di ìlọ́po méjì. Èyí kò kan 4CX250B, nítorí kátóòdù rẹ̀ (apá tó ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde) kì í ṣe irú èyí.

Ẹ tọ́jú àtijọ́ sínú páálí rẹ̀. Fáàfù tó ti gbó àmọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáká níye lórí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe.