Palermo: ìlú tí ojú àti ẹnu jọ ń gbádùn

Tí ọmọ Yorùbá bá ní òun fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Ítálì, Róòmù àti Venice ni gbogbo ẹnu máa ń dárúkọ. Àwọn ìlú náà dára, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn oúnjẹ, tó fẹ́ràn ìtàn, tí ẹran inú kò sì jẹ́ nǹkan ìríra fún, Palermo ní erékùṣù Sísílì ni kí ó kọ́kọ́ gbà lọ. Ohun tó mú un yàtọ̀ lójú mi ni pé ohun tí à ń wò níbẹ̀ àti ohun tí à ń jẹ, ọwọ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Àwọn ará Fòníṣíà, àwọn oníṣòwò ojú omi ayé àtijọ́ láti apá Lẹ́bánónì, ló tẹ ìlú náà dó. Àwọn Lárúbáwá gbà á ní 831, àwọn Norman, tó wá láti àríwá Faransé, tún gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1072, nígbà tó ṣe, àwọn ará Sípéènì náà dé. Kò sí èyí tí kò fi ilé sílẹ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tí kò fi oúnjẹ sílẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ láti Lọ́ńdọ̀n. Mùsùlùmí ni òun, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó kan ohun tí a rí, ó sì kan ohun tí a jẹ dáadáa.

Cappella Palatina ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sì lọ ní kùtùkùtù kí èrò tó pọ̀. Ilé ìsìn ni, inú ààfin àwọn ọba Norman ló wà. Ọba Roger Kejì ló ní kí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1140. Láti ìdajì ògiri lọ sókè, gíláàsì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà ni wọ́n tò di àwòrán Jésù, àwọn àpọ́sítélì àti ìtàn inú Bíbélì, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́nà ti Gíríìkì. Àwọn tó bá wọlé máa ń dúró níbẹ̀, wọn a ya fọ́tò, wọn a jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbójú sókè sí àjà. Igi ni, wọ́n gbẹ́ ẹ ní ihò ihò tó wọnú ara wọn, àwọn oníṣẹ́ ọnà tó jẹ́ Mùsùlùmí ló kùn ún: àwọn tó ń lu ohun èlò orin, àwọn tó ń mu nǹkan nínú ife, ẹranko lóríṣiríṣi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwúre lédè Lárúbáwá. Ọba Onígbàgbọ́ ló jókòó sábẹ́ àjà yẹn tó ń gbọ́ ìsìn. Àjà náà jìnnà sí ojú, nítorí náà tí ẹ bá ní awò tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni, ẹ mú un dání. Kò sí ohun tí mo wò ní gbogbo ìrìn àjò náà tó wọ̀ mí lára tó o.

Lára ògiri, lóde ilé ìsìn náà, wọ́n lẹ òkúta kan mọ́ ọn, ti 1142, tó sọ nípa aago tí Roger ní kí wọ́n ṣe. Èdè mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́: Látìn, Gíríìkì àti Lárúbáwá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá níwájú rẹ̀ láìwò ó. Owó ìwọlé ibẹ̀ wọ́n ju ti àwọn ibòmíràn ní ìlú náà lọ, mo sì ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan péré ni kí ẹ mọ̀: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sísílì ló ń lo ààfin náà, àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọn kì í ṣí àwọn yàrá ọba fún àlejò. Ẹ wo ọjọ́ tí ó ṣí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lẹ ó fi rìn dé Kàtídírà. Inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí, nítorí wọ́n ti tún un kọ́ títí tí ojú àtijọ́ fi lọ, ṣùgbọ́n ibojì Roger àti ti Ọba Frederick Kejì wà níbẹ̀. Ìta ni iṣẹ́ wà. Ní ìloro ẹ̀gbẹ́ gúúsù, lára òpó tó wà lápá òsì, wọ́n fín ẹsẹ Kùránì kan sí i lára. Ìyẹn ni pé òpó àtijọ́ ni wọ́n gbé síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìloro náà ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọn kò sì họ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í, ó ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ láìfọwọ́ kàn án, ó ń kà á sábẹ́ èémí. Èmi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n má baà dí i lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde.

Ṣọ́ọ̀ṣì Martorana àti ti San Cataldo fara tira wọn ní Piazza Bellini, ẹ lè wo méjèèjì láàárín wákàtí kan. Nínú Martorana ni àwòrán oníwúrà wà, ibẹ̀ náà sì ni àwòrán Jésù tó ń dé Roger ládé wà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ballarò ni ọjà tí mo ní kí ẹ lọ. Capo dára, Vucciria sì ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ń mutí lálẹ́ ju ọjà lọ, ṣùgbọ́n Ballarò ṣì jẹ́ ọjà àwọn ará ìlú. Láàárọ̀ ni kí ẹ dé ibẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń fi orin polówó, ohùn wọn ń gorí ara wọn, orúkọ tí wọ́n ń pe ìpolówó yìí ni abbanniata. Orí ẹja idà wà lórí tábìlì tí ṣóńṣó rẹ̀ dojú kọ òkè, tòmátì gbígbẹ wà, ẹ̀fọ́ ìgbá tí wọ́n ti dín wà. Àdúgbò tó yí i ká ni ọ̀pọ̀ àwọn àjòjì ń gbé: ará Bangladesh, ará Ghana, ará Tùnísíà àti àwọn ọmọ Nàìjíríà, ẹ ó gbọ́ èdè wa lẹ́nu àwọn tó ń kọjá. Ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Moltivolti, tí àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ dá sílẹ̀ ní 2014, wà ní ibẹ̀. Oúnjẹ Sísílì àti ti Áfíríkà ni wọ́n ń sè papọ̀.

Oúnjẹ tí ìlú náà fi ń yangàn ni pani ca meusa. Fùkù ọmọ màlúù àti ẹran inú dúdú kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpòlúkù ni wọ́n ń sè, wọn a gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọn a wá dín in nínú ọ̀rá tó gbóná nínú agbada tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú búrẹ́dì rìbìtì tí wọ́n wọ́n yànmọtí sí lórí ni wọ́n ń kó o sí. Ẹ lè gbà á lásán pẹ̀lú omi lẹ́mọ́ọ̀nù, ẹ sì lè ní kí wọ́n fi wàrà ricotta àti wàrà líle sí i. Omi lẹ́mọ́ọ̀nù nìkan ni kí ẹ gbà. Wàrà ń bo ẹran náà mọ́lẹ̀, ẹran náà sì ni a wá jẹ: ó rọ̀, ó wúwo lẹ́nu, ó ní adùn bí irin díẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará Palermo ní àwọn Júù alápatà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gba owó iṣẹ́ pípa ẹran, inú ẹran ni wọ́n fi ń san án fún wọn, wọ́n sì ń dín in tà. Ní 1492 ni ọba Sípéènì pàṣẹ pé kí gbogbo Júù jáde ní ìjọba rẹ̀, Sísílì pẹ̀lú. Wọ́n lọ, oúnjẹ wọn dúró.

Stigghiola ni ó ṣìkejì. Ìfun àgùntàn tàbí ti ewúrẹ́ kékeré ni, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n lọ́ ọ mọ́ àlùbọ́sà eléwé, wọ́n sì sun ún lórí ẹyín iná títí ara rẹ̀ fi gbẹ kárakára. Ẹ kò nílò àpèjúwe ọ̀nà. Èéfín rẹ̀ ga débi pé láti òpópónà kejì lẹ ó ti rí i. Iyọ̀ àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n ń fi sí i. Ata gan-an ló kù fún un, mo sì mú ata gígún lọ́wọ́ láti ilé. Ẹni tó ń sun ún bi mí pé kí ni, ó tọ́ ọ wò, ó sì ní kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún òun.

Panelle wà fún ẹni tí kò bá jẹ ẹran inú. Ìyẹ̀fun chickpea, ìyẹn irú ẹ̀wà kan, ni wọ́n ń rò pẹ̀lú omi, wọ́n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n sì dín in, inú búrẹ́dì ni wọ́n ń fi í sí. Ẹni tó bá ti fi àkàrà sáàárín búrẹ́dì jẹ láàárọ̀ rí, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Sfincione náà wà, búrẹ́dì rírọ̀ tó nípọn, tí wọ́n da tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹja anchovy lé lórí, láti inú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ń tà á. Yúrò 2 sí 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan wọ̀nyí nígbà tí a lọ. Ẹ mú owó ẹyọ dání, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba káàdì.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń dín meusa, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìyẹn, èèpo cannoli, ìyẹn ìpanu dídín tí wọ́n ń rọ wàrà sínú rẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn tí wọ́n bá ṣe é bí ti àtijọ́, wọ́n sì máa ń fi ọtí Marsala sí i. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún yín bí ẹ kò bá bèèrè. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bèèrè ni “strutto”, ìyẹn ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bèèrè ní gbogbo ibi tí a dé, wọn kò bínú sí i níbì kankan. Panelle ló ń jẹ, àti pasta con le sarde: pásítà pẹ̀lú ẹja sàdíìnì tútù, ewé fennel inú igbó, èso àjàrà gbígbẹ àti búrẹ́dì rírún tí wọ́n yan. Iyọ̀ àti adùn pa pọ̀ nínú ìkòkò kan. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe bára mu. Nínú gbogbo oúnjẹ tí a jókòó jẹ, òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́.

Ní ti ìpanu dídùn, ẹ wọ ilé àwọn sístà àtijọ́ ti Santa Caterina, ní Piazza Bellini kan náà. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ohun tí àwọn sístà ilé ìsìn Palermo máa ń ṣe látayébáyé, títí kan èso tí wọ́n fi álímọ́ńdì àti ṣúgà mọ tí ẹ ó fi rò pé láti orí igi ló ti já. Ẹ ra cannoli, ẹ gbé e lọ sí àgbàlá tí igi ọsàn wà, ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀. Wàrà àgùntàn ni wọ́n ń lò, ìṣẹ́jú tí ẹ bá rà á ni wọ́n ń rọ ọ́ sínú rẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí èyí tí wọ́n ti rọ kalẹ̀ sínú gíláàsì, ẹ kọjá. Èèpo rẹ̀ ti rọ̀.

Ibi tí mo ti bínú ni ilé oúnjẹ kan lójú òpópónà àwọn àlejò. Oúnjẹ tútù, búrẹ́dì tí a kò bèèrè fún, owó ìjókòó tí wọn kò kọ síbi tí ojú lè rí. Ẹ máa bèèrè “coperto” kí ẹ tó jókòó. Ibi tí mo máa ń wá báyìí ni ìsọ̀ tó bá lẹ àmì Addiopizzo mọ́ ẹnu ọ̀nà. Láti 2004 ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò tó kọ̀ láti máa san owó fún Máfíà. Ìlú tó fi orúkọ Falcone àti Borsellino, àwọn adájọ́ méjì tí Máfíà pa ní 1992, sọ pápákọ̀ òfurufú rẹ̀, ó yẹ kí owó àlejò lọ sọ́wọ́ irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé afinimọ̀nà kì í sábà sọ, tí mo sì fẹ́ kí àwa mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹni mímọ́ tí Palermo fi ṣe alábòójútó rẹ̀, adúláwọ̀ ni. San Benedetto il Moro, ọmọ àwọn ẹrú láti Áfíríkà, ṣe iṣẹ́ àsè nínú ilé àwọn Franciscan, ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì, ní Santa Maria di Gesù, ó di olórí wọn láìmọ̀wé, ó sì tún padà sí ilé ìdáná. Ó kú ní 1589, wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1807. Ní Brasil, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ, àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀dúdú ti ń ṣọdún São Benedito láti ayé ẹrú. Iná igbó jó ṣọ́ọ̀ṣì tí òkú rẹ̀ wà ní July 2023, ó sì jó òkú náà. Ó dùn mí gan-an.

Tí ẹ bá ní ọjọ́ kan sí i, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Monreale lórí òkè. Ọba William Kejì bẹ̀rẹ̀ kàtídírà ibẹ̀ ní 1174, àwòrán oníwúrà inú rẹ̀ ju 6,000 mítà níbùú lóòró lọ. Ihò òkú àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Capuchin, níbi tí wọ́n to òkú gbígbẹ mọ́ ògiri, a kò lọ. Òkú kì í ṣe ohun ìwòran fún mi.

Oṣù Kẹrin ni a lọ, ojú ọjọ́ tutù dáadáa fún ìrìn. Ẹni tí ooru kò bá ń dà láàmú lè lọ ní July. Alẹ́ ọjọ́ 14 ni wọ́n ń fa ọkọ̀ Santa Rosalia káàkiri, ẹni mímọ́ tí wọ́n gbà pé ó lé àjàkálẹ̀ àrùn 1624 lọ, ìgbín wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè pẹ̀lú áyù sì ni wọ́n ń jẹ lójú títì títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹ tètè gba yàrá o, nítorí ó máa ń tán.