Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ kò ga: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń de àfikún pẹ́dàlì mọ́ Mazda MX-5

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin obìnrin tí ẹ kò ga tí ẹ sì fẹ́ràn ọkọ̀ oníjókòó méjì bíi tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò fi àfikún sí pẹ́dàlì ọkọ̀ yín, ìyẹn irin tí wọ́n ń dè mọ́ pẹ́dàlì kí ẹsẹ̀ ẹni tí kò ga lè dé e. Ọkùnrin kan tó ń polówó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì máa ń lọ bá àwọn oníbàárà nílé, gba £180 lọ́wọ́ mi ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ohun tó dè mọ́ bíréèkì ọkọ̀ mi, orí mi ló kó mi yọ nínú rẹ̀.

Gíga mi kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 10 lọ. Ọkọ̀ mi jẹ́ Mazda MX-5 ti ìran kẹta. Sítíárì rẹ̀ ṣeé gbé sókè, ó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sún mọ́ awakọ̀. Ìgbà àtúnṣe ọdún 2018 ni Mazda tó fi èyí tó ń sún síwájú sínú MX-5, lẹ́yìn ìran tèmi. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ tẹ kìlọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, àfi kí n fa àga síwájú títí àyà mi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárì, bẹ́ẹ̀ inú sítíárì yẹn gan-an ni airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá, wà. Àjọ NHTSA tó ń mójútó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí àyè tó wà láàárín igbá àyà awakọ̀ àti àárín sítíárì má dín ní íǹṣì 10, nítorí pé agbára tí airbag fi ń bú jáde lè ṣe ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù léṣe. Mo fi tépù wọn tèmi, íǹṣì 6 péré ni mo rí. Ìdí tí mo fi wá àfikún nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí rárá.

Ọkùnrin náà ní MOT ti fọwọ́ sí ọjà òun. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ti là mí lójú, nítorí pé àyẹ̀wò ọdọọdún ọkọ̀ ni MOT. Kì í fọwọ́ sí ohun tí ẹnì kan ń tà. Láàárín 20 ìṣẹ́jú ó ti de gbogbo rẹ̀ níwájú ilé mi, ó ní kí n fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun, kò sì fún mi ní rìsíìtì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, iná pupa tàn níwájú mi ní Old Kent Road. Mo tẹ bíréèkì, irin náà dún kẹ̀ẹ̀ lábẹ́ bàtà mi, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀ bọ́ sáàárín bíréèkì àti àsẹ̀lẹ̀rétọ̀. Bíréèkì ọwọ́ ni mo fà. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, àyè tó kù láàárín èmi àti bọ́ọ̀sì tó wà níwájú kò ju ìgbésẹ̀ kan lọ.

Nígbà tí mẹkáníìkì mi tú u, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Alumíníọ̀mù tó nípọn tó íǹṣì 3 ni, bóòtù kéékèèké méjì ló fi di pẹ́dàlì mú, nọ́ọ̀tì wọn kì í sì í ṣe irú èyí tó ní rọ́bà nínú tí kì í jẹ́ kó tú. Ó ti bó rọ́bà ojú pẹ́dàlì kúrò kó lè ráyè de tirẹ̀. Irin tó kù ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Mẹkáníìkì ṣàlàyé pé bí irin bá ṣe ga tó lórí pẹ́dàlì ni yóò ṣe rọrùn tó fún ẹsẹ̀ láti yí i, nítorí náà ohun tó dúró nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lè má dúró nígbà tí a bá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ti kìlọ́ọ̀ṣì náà kò sunwọ̀n: etí rẹ̀ ń kan kápẹ́ẹ̀tì kí kìlọ́ọ̀ṣì tó wálẹ̀ tán, jíà á sì máa ké. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ohunkóhun sílẹ̀ fún gìgísẹ̀ mi, tó wá ń rọ̀ dirodiro lófuurufú.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí yóò gbé ilẹ̀ sókè lábẹ́ gìgísẹ̀ yín, yóò sì jẹ́ kí ẹ fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì láti ọ̀tún àti láti òsì, nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró, kó tó gba owó. Ẹ lọ sí ọ̀kan lára àwọn ibùdó Driving Mobility, níbi tí wọ́n ti ń yẹ awakọ̀ wò láti mọ ohun tó bá a mu. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n lè kọ̀ láti sanwó bí ẹ bá fi àtúnṣe bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Bí owó ọjà bá ju £100 lọ, káàdì ìyáwó ni kí ẹ fi san án, torí pé òfin ọdún 1974 lórí owó àwìn mú kí báńkì náà jíhìn pẹ̀lú ẹni tó tajà. Èmi fi owó ránṣẹ́ tààrà, ọkùnrin náà kò sì gbé ìpè mi mọ́. Mo ti fẹjọ́ sun Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn.

Ó ti yí orúkọ ìpolówó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àwòrán kan náà ló ṣì ń lò: irin pupa mẹ́ta tí a tò sórí aṣọ ìnuwọ́ funfun. Bí ẹ bá ti ní irú rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà títí mẹkáníìkì yóò fi tú u kúrò.