Àgbéyẹ̀wò Boss RC-1: elégbè fún sẹ́lò tó ń dá orin lójú ẹsẹ̀

Ẹni tó bá ń dá orin lójú ẹsẹ̀ lórí sẹ́lò (ohun èlò ńlá olókùn mẹ́rin tí a ń fi ọrun fà bíi gòjé) láìsí ẹnìkejì nílò elégbè. Iṣẹ́ pẹ́dàlì lúùpù nìyẹn: ó gba ohun tí a kọ́kọ́ fà, ó sì ń tún un kọ láìdúró, bí omele ti í di ọwọ́ kan mú kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀. Mo ti lo RC-1, pẹ́dàlì lúùpù tí Boss ṣe, lórí ìtàgé, mo sì ti lò ó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ìjókòó ti ń dá sí orin. Ibi kejì yìí ló ti wúlò jù, ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ló sì fà á.

Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 24 ló tò yípo. Wọ́n ń pọ́n nígbà tó bá ń gba ohùn, wọ́n ń di aláwọ̀ ewé nígbà tó bá ń kọ ọ́, wọ́n sì ń fi ibi tí lúùpù dé hàn. Bí lúùpù bá jẹ́ kíkà mẹ́jọ, ẹyọ mẹ́ta ló bọ́ sí kíkà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ kọ́ńkóló oníkíkà méjìlá, ẹyọ méjì-méjì ni. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ohun èlò orin rí yóò fojú rí ibi tó yẹ kó ti pàtẹ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ọ̀kan nínú àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ibi títẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. A ń tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bí ohùn àkọ́kọ́ bá ṣe ń jáde. Nígbà tí ìyípo bá parí, a kì í tẹ̀ ẹ́ níparí ohùn tó kẹ́yìn. Orí “ení” tó ń padà bọ̀ ni a ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá pẹ́ díẹ̀, lúùpù á máa tiro, gbogbo ohun tí a bá kó lé e á sì máa bá a tiro. Kíkà mẹ́jọ, bí a bá ń ka 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà péré, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 12 ni RC-1 lè gbà. Ààyè kò ní há.

Ẹ kọ́kọ́ fa okùn C, èyí tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù, gbọọrọ láìtẹ ìka mọ́ ọn, kí ẹ wá fi ìka ta G lé e. C, D, E, G àti A ni kí àwọn èrò fi gbè é: okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́lò wà nínú ohùn márùn-ún yìí, èyíkéyìí tí wọ́n bá sì mú kò ní bá ìpìlẹ̀ jà. Ohun tí David Darling, afasẹ́lò ará Amẹ́ríkà, fi ayé rẹ̀ ṣe nìyí. Òun àti Bonnie Insull ló dá ẹgbẹ́ Music for People sílẹ̀ ní 1986 kí ọ̀gá àti ẹni tí kò kọ́ orin rí lè jọ dá a. Ẹ dúró lórí ìpele mẹ́ta, ìyẹn ohùn mẹ́ta tí a gbà lé ara wọn. Bí ó bá ti pọ̀ ju ìyẹn lọ, a kò ní gbọ́ ohun tí sẹ́lò ń sọ mọ́. Ìpele tó kẹ́yìn nìkan ni a sì lè yọ, nípa títẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

Àléébù rẹ̀ lórí ìtàgé ni dídá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ìgbà tí ìtẹ̀ kejì bá fi wọlé, kíkà ti kọjá. Ẹ ra pẹ́dàlì kékeré FS-5U mọ́ ọn. Ìtẹ̀ ẹyọ kan tó.

Ẹ má ki píkọ́ọ̀pù (ohun tó ń gba ìgbọ̀n okùn) tó wà lábẹ́ afárá sẹ́lò, igi tó gbé okùn ró, bọ inú rẹ̀ tààrà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gba inú príáńpù (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn píkọ́ọ̀pù lágbára), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn C, tó wà ní nǹkan bíi 65 Hz, á gbẹ, ohùn òkè á sì máa dún bí páànù. Màíìkì wà fún sípíkà nìkan. Tí ẹ bá so ó mọ́ lúùpù, yóò tún gba ohun tó ń jáde láti inú sípíkà, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì máa dọ̀tí. Bákan náà, irin ìsàlẹ̀ sẹ́lò máa ń gbé gìrì ẹsẹ̀ látorí pákó lọ sínú píkọ́ọ̀pù. Ẹ fi fóòmù sábẹ́ pẹ́dàlì àti sábẹ́ irin náà.

Bí a bá paná, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í parẹ́. Ẹ pa lúùpù àná rẹ́ kí èrò tó wọlé.